John Boyd Dunlop: Dókítà Ẹran Tó Wọ Bàtà fún Kẹ̀kẹ́

Ọkọ̀ Peugeot 504 kan wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá wa ní Ìlọrin níbí. Bàbá bàbá mi ló rà á ní tuntun, nígbà tí wọ́n ṣì ń tò ó ní Kàdúná. Kí wọ́n tó jáde láyé, wọ́n kìlọ̀ fún bàbá mi pé wọn kò gbọdọ̀ tà á. Láti ọdún tó kọjá ni bàbá mi ti ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, bí owó bá ṣe ń wọlé. Ẹ́ńjìnnì ti ń dáhùn, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà, àga inú rẹ̀ ti di tuntun. Ẹsẹ̀ ló kù. Ibi ẹsẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn nílé wa. Bàbá mi ní ríìmù onírin tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ ni kó padà wọ̀, kí wọ́n kàn nà án kí wọ́n sì kùn ún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní rárá, ríìmù alọ́ọ̀yì tó ń dán ni kí a rà fún un, kí ọkọ̀ náà lè yọ láàárín ẹgbẹ́. Ti táyà tún le ju ìyẹn lọ: bàbá mi fẹ́ Dunlop, Dunlop nìkan, torí pé òun ni bàbá tiwọn ń lò. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ wádìí ohun tó yẹ. Ó ṣe tán, èmi ni mo wà ní yunifásítì, èmi náà ni mo sì ní dátà.

Mo wádìí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń wá iye owó táyà ni mo ti bá ẹni tó ni orúkọ náà pàdé, n kò sì lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde ní ẹ̀ka yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Gbogbo wa la mọ orúkọ rẹ̀. A kàn lè má mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 1840 ni wọ́n bí John Boyd Dunlop ní Dreghorn, abúlé kan ní agbègbè Ayrshire, ní ilẹ̀ Scotland. Ìdílé àgbẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ gbàgbọ́ pé oṣù òun kò pé nígbà tí wọ́n bí òun, pé oṣù méjì ni òun fi ṣáájú àsìkò, ìdí nìyẹn tó fi ń kẹ́ ara rẹ̀ bí ẹyin ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó ń kẹ́ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá lo ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin láyé. Ó kàwé, ó lọ sí Edinburgh, ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran níbẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá. Ní ọdún 1867 ó kọjá sí ilẹ̀ Ireland. Ìlú Downpatrick ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ó kó lọ sí Belfast, ó sì ṣí ilé ìtọ́jú ẹran sí òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní May Street. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1880 sí 1890, ilé ìtọ́jú ẹran rẹ̀ wà lára àwọn tó tóbi jù ní gbogbo Ireland. Ó fẹ́ ìyàwó, Margaret Stevenson lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan.

Ẹ wò ó dáadáa: títí di ìgbà tí Dunlop fi súnmọ́ àádọ́ta ọdún, kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ táyà. Ẹṣin ni iṣẹ́ rẹ̀. Màlúù ni iṣẹ́ rẹ̀. Onírùngbọ̀n gígùn ni, jẹ́jẹ́ ló ń rìn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń mówó wọlé. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti parí, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ ọ́n lónìí àfi àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fa gbogbo rẹ̀. Johnny ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan. Nígbà náà, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò ní afẹ́fẹ́ nínú rárá. Rọ́bà líle gbagidi ni wọ́n ń wé mọ́ irin. Ti kẹ̀kẹ́ ẹrù àti ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, irin lásán ni. Òkúta ni wọ́n sì tẹ́ sí ojú títì Belfast. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà láti Òkè Odò wọ Tanke lẹ́yìn òjò, kí ó wá ro ti kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà kankan lórí òkúta. Ọmọ náà ń ráhùn pé ara ń ro òun, ó sì fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ òun yára ju ti àwọn ẹgbẹ́ òun lọ. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Rọ́bà kò ṣàjèjì sí Dunlop. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1887, nínú àgbàlá ilé rẹ̀, ó mú pákó róbótó kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 96 láti etí kan sí èkejì. Ó fi rọ́bà pẹlẹbẹ ṣe ọ̀pá tó ní ihò nínú, ó fi yí pákó náà ká, ó wé aṣọ bò ó, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú. Ó wá yọ ẹsẹ̀ irin kan lára kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó yí ẹsẹ̀ irin yìí lọ lórí ilẹ̀ àgbàlá: ó rìn díẹ̀, ó ṣubú. Ó yí pákó tó ní afẹ́fẹ́ yìí lọ: ó ń lọ, ó ń lọ, kò dúró, àfìgbà tó kọlu òpó ẹnu ọ̀nà, tó sì ta padà. Bí mo ṣe ka ibẹ̀ ni mo rẹ́rìn-ín. Kò sí yàrá ìwádìí, kò sí ẹni tó fún un lówó ìwádìí. Àgbàlá, pákó àti ẹnu ọ̀nà nìkan ni. Nígbà tó rí i bẹ́ẹ̀, ó ṣe irú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kẹ̀kẹ́ Johnny, ọmọ náà sì gùn ún jáde ní oṣù kejì ọdún 1888.

Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni Dunlop kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n fún òun ní ìwé àṣẹ pé òun lòun dá nǹkan yìí sílẹ̀. Ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 1888 ni wọ́n fún un. Ìwé yìí ni ẹ máa rántí, torí òun ni yóò padà dá wàhálà sílẹ̀.

Àwọn èèyàn kò kọ́kọ́ ka táyà náà sí. Ó tóbi, ó wú bọ̀ǹbọ̀, ó dà bí ohun tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Belfast tó ń jẹ́ Willie Hume, olórí ẹgbẹ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ kan níbẹ̀. Kì í ṣe òun ló mọ kẹ̀kẹ́ gùn jù, ṣùgbọ́n òun ló gbà láti fi táyà tuntun yìí sáré ìje. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1889, ní pápá Queen's College ní Belfast, ìje mẹ́rin ni Hume wọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbà. Àwọn tó ń fi táyà rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tó wọlé kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó jáde. Lára àwọn tó fi sẹ́yìn ni àwọn ọmọ Harvey du Cros, oníṣòwò kan láti Dublin tó jẹ́ olórí àpapọ̀ ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Ireland. Bàbá tí wọ́n lù lọ́mọ nínú ìje ì bá bínú. Èyí kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe táyà náà.

Du Cros àti Dunlop para pọ̀, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Dublin lọ́dún 1889. Dunlop fi ìwé àṣẹ rẹ̀ lé ilé iṣẹ́ lọ́wọ́, ó gba ìpín ìdókòwò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìtàn nípa Dunlop ni mò ń kọ, ṣùgbọ́n kí n má purọ́: bí kò bá sí du Cros, àgbàlá ni pákó yẹn ì bá jókòó sí. Ẹni tó mọ nǹkan ṣe àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tà kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Dunlop kì í ṣe ọlọ́jà. Du Cros kò lè ṣe táyà.

Ẹnu ìgbà tí ọjà ń lọ ni ìròyìn dé pé ìwé àṣẹ Dunlop kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹlòmíràn ti gba irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1845, ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ṣáájú, ọmọ ilẹ̀ Scotland mìíràn tó ń jẹ́ Robert William Thomson, tí wọ́n bí ní Stonehaven lọ́dún 1822, ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ní afẹ́fẹ́ nínú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà. (Èmi jẹ́ méjìlélógún, orí kẹta iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ni mo ṣì wà. Ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀.) Ó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Faransé lọ́dún 1846 àti ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1847. Ó tilẹ̀ fi táyà rẹ̀ hàn fún gbogbo ènìyàn ní ọgbà Regent's Park ní Lọ́ńdọ̀nù, lára kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà. Awọ ló fi bo òde rẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà bò ló sì wà nínú. Ó rọrùn láti wọ̀, kò pariwo. Ṣùgbọ́n ayé kò tíì nílò rẹ̀. Kò sí kẹ̀kẹ́ ológeere nígbà náà, kò sí mọ́tò, rọ́bà sì wọ́n. Nǹkan náà kú sínú ìwé, Thomson sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ títí ó fi kú ní 1873. Nígbà tí Dunlop ń yí pákó kiri àgbàlá, Thomson ti lo ọdún mẹ́rìnlá nínú ilẹ̀.

Ta wá ni ojúlówó nínú àwọn méjèèjì? Ibí yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà, mo sì fi í jẹ bàbá mi níyà lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á, torí àwọn ni wọ́n ń fi ojoojúmọ́ sọ pé ohun tó bá kọ́kọ́ wá ni ojúlówó. Dunlop kò jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Kò gbọ́ orúkọ Thomson rí. Ó bá ojú ọ̀nà kan náà dé ibi kan náà. Òfin kò wo ìyẹn. Òfin ní ẹni tó ṣáájú ló ni ín. Nípa bẹ́ẹ̀ ìwé àṣẹ Dunlop di ìwé lásán, ẹnikẹ́ni sì lè ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ bó bá wù ú.

Bí ilé iṣẹ́ náà kò ṣe kú ni kí n sọ báyìí, torí ó kan ọkọ̀ abẹ́ máńgòrò wa. Táyà àkọ́kọ́ tí Dunlop ṣe, ńṣe ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ríìmù pinpin. Bó bá jò, wàhálà ni láti tú u; fọganáísà ì bá sunkún. Ní ọdún 1890, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Charles Kingston Welch gba ìwé àṣẹ lórí táyà tó ní okùn irin ní etí, àti ríìmù tí àárín rẹ̀ jìn wọnú kí táyà lè wọ̀ kó sì bọ́. Ní ọdún yẹn náà ni William Bartlett gba ti táyà tí etí rẹ̀ ń há mọ́ etí ríìmù. Du Cros ra méjèèjì fún ilé iṣẹ́. Ẹ lọ wo ríìmù ọkọ̀ èyíkéyìí ní Ìlọrin lónìí, yálà onírin ni tàbí alọ́ọ̀yì, yálà ó bá ọkọ̀ wá ni tàbí wọ́n rà á lọ́jà: kòtò tó wà láàárín rẹ̀ tí fọganáísà ń ti etí táyà sí kó tó lè yọ ọ́, ọgbọ́n Welch ni. Orúkọ Welch kò sí lára táyà kankan. Orúkọ Dunlop ló wà níbẹ̀.

Nígbà tó di 1895, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Michelin ti Faransé fi táyà oníafẹ́fẹ́ sáré mọ́tò láti Paris lọ sí Bordeaux àti padà. Ó jò fún wọn láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ti rí ibi tí ayé ń lọ. Ọdún náà gan-an sí èyí tó tẹ̀ lé e ni owó ńlá dé. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Ernest Terah Hooley ra ilé iṣẹ́ táyà náà ní mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn ní 1896, kò pẹ́ ó sì tà á fún gbogbo ènìyàn ní mílíọ̀nù márùn-ún. (Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Hooley wọ gbèsè.) Dunlop kò sí níbẹ̀ mọ́. Èrò òun àti àwọn tó kù kò dọ́gba, ó ti kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ṣáájú. Ó ń gbé ní Dublin nígbà náà, ilé iṣẹ́ tó ń ta aṣọ ló sì gbájú mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, aṣọ. Kò tòṣì, ṣùgbọ́n owó tí àwọn mìíràn rí nídìí orúkọ rẹ̀, òun kò rí irú rẹ̀.

Orúkọ nìkan kọ́ ló fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ti gbà fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n fi àwòrán orí rẹ̀, pẹ̀lú irùngbọ̀n gígùn yẹn, ṣe àmì ọjà. Ọdún ń lọ, àwọn tó ń ṣe ìpolówó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tó wù wọ́n. Wọ́n yọ orí bàbá arúgbó náà, wọ́n gbé e lé ọrùn ọkùnrin gígùn gbọọrọ kan, wọ́n dé e ní fìlà gíga funfun, wọ́n wọ̀ ọ́ ní wẹ́sìkóòtù funfun, wọ́n fi ọ̀pá ìṣefàájì lé e lọ́wọ́ àti awò ojú kan ṣoṣo. Dókítà ẹran tó ń rìn jẹ́jẹ́ wá di ọ̀dọ́ aláfẹ́ lójú ìwé ìpolówó. Ó dun Dunlop. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tàbí kó súnmọ́ ọn, ó gbé ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ òun lọ sílé ẹjọ́ ní Ireland pé wọ́n ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Ilé iṣẹ́ náà ní England làwọn wà, pé ilé ẹjọ́ Ireland kò lágbára láti pe àwọn. Ọ̀rọ̀ yìí gòkè títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ sì ti Dunlop lẹ́yìn pé ilé ẹjọ́ Ireland lè pè wọ́n. Ẹjọ́ náà wà nínú àkójọ ìwé ẹjọ́ ọdún 1921, Dunlop àti Dunlop Rubber Company. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀rẹ́ ní ẹ̀ka òfin, ẹ bi wọ́n.

Mo ti rò ó títí. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò jà débi pé kó ya ayé lẹ́nu. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ jẹ mílíọ̀nù, ó lọ ń ta aṣọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé orí rẹ̀ lé ara tí kì í ṣe tirẹ̀, ó dìde. Ojúlówó Dunlop wà láàyè, ó ń rìn ní Dublin, ayédèrú rẹ̀ sì wà lára ògiri kiri, òun làwọn èèyàn sì mọ̀. N kò ní ìṣòro láti gbà pé ó tọ̀nà.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1921 ló kú ní Dublin, ọdún kan náà tí ẹjọ́ yẹn wọ inú ìwé. Itẹ́ òkú Deansgrange ni wọ́n sin ín sí.

Orúkọ rẹ̀ kò kú. Ó tẹ̀ síwájú dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ Dunlop bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe táyà ní Ìkejà lọ́dún 1963, ti Ìkejà yìí ni bàbá bàbá mi ń lò. Àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà kò tilẹ̀ fi orúkọ náà mọ táyà. Sílípáàsì ni. Ẹni tó bá ń lọ sí balùwẹ̀ ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́, dọ́nlọ́ọ̀pù ló ń wá, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ èdè wa bíi Ómò àti Mágì: a fi fáwẹ̀lì gbè é lẹ́yìn torí Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, a sì sọ /p/ wọn di /kp/ tiwa. Bí Dunlop bá jí lónìí tó gbọ́ pé ẹnì kan ń pariwo nílé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin pé wọ́n ti jí dọ́nlọ́ọ̀pù òun, n kò mọ ilé ẹjọ́ tí yóò gbà lọ.

Ohun tí mo bá padà wálé nìyí. Mo sọ fún bàbá mi pé ilé iṣẹ́ Ìkejà ti ṣíwọ́ táyà ṣíṣe láti 2008, ọdún kan lẹ́yìn tí Michelin ti Port Harcourt ṣíwọ́; iná mànàmáná tí kò sí àti táyà òkèèrè tó pọ̀ lọ́jà wà lára ohun tó pa wọ́n. Orúkọ Dunlop ṣì wà lára táyà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti ń lò ó kiri ayé, Dunlop ti wọ́n mọ̀ kọ́ nìyẹn mọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá bèèrè pé kí ni kí àwọn wò nígbà náà. Mo ní kí wọ́n wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà lẹ́yìn lẹ́tà DOT: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Táyà tó bá ní 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kó dán tó, kí orúkọ tó sì wà lára rẹ̀ jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Ní ti ríìmù, ẹ̀gbọ́n mi kò dúró de ìwádìí mi. Ó ti ra alọ́ọ̀yì mẹ́rin ní tọ́kùnbọ̀, ihò mẹ́rin mẹ́rin bíi ti ọkọ̀ wa. Ọjọ́ Sátidé ni mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ sókè lórí jáàkì, ó gbé ríìmù kan sí i, kò wọlé. Ó yí i, kò wọlé. Òbìrí tí ihò mẹ́rin ti 504 jókòó lé lórí fẹ̀ tó mílímítà 140. Ti alọ́ọ̀yì tí ẹ̀gbọ́n mi rà jẹ́ 100. Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè bóyá a lè lu ihò tuntun sí i. Mẹkáníìkì wò ó lójú, kò dáhùn. Bàbá mi ti wọlé lọ gbé ríìmù onírin àtijọ́ jáde láti ẹ̀yìn ilé, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ létí, ọ̀kan ti tẹ̀ níbi tó ti wọ kòtò rí. Mẹkáníìkì ní irin lè nà, pé bó bá jẹ́ alọ́ọ̀yì ló wọ kòtò bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ì bá sán. Ní ọjọ́ Ajé a kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń na ríìmù, ẹ̀gbọ́n mi ló wakọ̀ gbé wọn lọ, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi dé. Alọ́ọ̀yì mẹ́rin ṣì wà ní ẹ̀yìn ilé wa. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọkọ̀ tí tirẹ̀ jẹ́ 100, ẹ kàn sí mi.